Eyín Mẹ́rin àti Gáàsì Ẹ̀rín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Dókítà ọkàn sọ ọ́ fún mi lónìí láìfepo-bọyọ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ọkàn mi tó yẹ kó máa tì lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá. Kò tì dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ́rí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé wa. Wọn yóò la àyà mi, wọn yóò fi ilẹ̀kùn tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fún mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú mi ò yí padà. Mo tiẹ̀ bi í bóyá wọ́n máa jẹ́ kí n fojú ara mi rí ilẹ̀kùn àtijọ́ náà.

Ìgbà yẹn ló ní kí n yanu.

Ó tan iná sí i, ó mi orí. Eyín mẹ́rin ló ti bàjẹ́: méjì gbọ́dọ̀ kúrò, méjì ṣì ṣe é dí. Ó ní ìdọ̀tí ara irú eyín bẹ́ẹ̀ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ibi tó sì máa ń fẹ́ jókòó sí ni ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síni lọ́kàn. Bí dókítà eyín kò bá sọ pé ẹnu mi ti mọ́, kò sẹ́ni tó máa fọ̀bẹ kàn mí. Bí ọjọ́ náà bá sì kọjá, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún, kí èmi padà sẹ́yìn ìlà.

Nínú ọkọ̀, ọkọ mi rí i pé mo di bẹ́líìtì ìjókòó mú gírígírí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àyà ni. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ eyín ni, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó tún wo ojú mi, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ó ti bá mi gbé tó láti mọ̀ pé bí mo bá rí pátákó ilé ìtọ́jú eyín lójú ọ̀nà, ọ̀nà mìíràn ni mò ń gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òjò látàárọ̀. Dókítà ọkàn gbà kí n ṣì máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, níwọ̀n bí n kò bá ti ní í jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún ara mi: agbẹ̀bí kan, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ti gba ọmọ tí kò níye, ṣùgbọ́n tó bá ti rí ráńdábáòtù, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Àwọn ẹlẹ́yìn wa ń fọn fèrè. Mo ní kó gbàgbé wọn, kó mí sínú, kó mí síta, kó wo apá òsì, kó wọlé nígbà tí àyè bá yọ. Ohùn mi tutù minimini. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ mí ní Ìyá Bíréèkì, torí pé mo ní bíréèkì tèmi lábẹ́ ẹsẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, n kì í sì í tètè fi ẹsẹ̀ kàn án.

Bí mo ṣe ń sọ fún un pé kó mí ni mò ń bi ara mi pé ta ni yóò sọ ọ́ fún èmi ní Ọjọ́bọ̀, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

N óò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà eyín náà, kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Nọ́ọ̀sì tó ń ràn án lọ́wọ́ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó máa ń tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n kí mi dáadáa. Mo jókòó sórí àga, nọ́ọ̀sì so bébà ìgbàyà mọ́ mi lọ́rùn, mo sì ń sọ fún ara mi nínú pé o ń ṣe dáadáa. Ni àga bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí sẹ́yìn. Òrùlé ń bọ̀ lójú mi. Nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní yàrá kejì bí oyin inú agolo.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òjò ń pa mí, mò ń mí bí ẹni tí wọ́n lé, ọkọ mi sì ń wò mí láti ojú fèrèsé.

"Kí ló wà lọ́rùn ẹ yẹn?"

Bébà ìgbàyà wọn ni. Mo ti gbé e sá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Dókítà eyín fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní òun ò pè láti bá mi wí, àti pé bébà náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà padà lọ́wọ́ èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni gan-an ló ń dẹ́rù bà mí: ṣé ìrora ni, ṣé abẹ́rẹ́ ni, àbí ariwo ẹ̀rọ?

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó sórí àpótí ilé ìdáná, mo sì sọ ọ́ fún un. Mo wà lọ́mọ ọdún méje. Oníṣègùn eyín wá sí ilé ìwé wa, ó ní eyín mi kan gbọ́dọ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún mi kò tíì mú mi. Àgbà méjì dì mí mú, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Mò ń pariwo pé kí wọ́n dúró. Wọn ò dúró.

Ó ní, "Bóyá kì í ṣe ìrora náà lẹ ṣì ń sá fún, Mà. Bóyá àìdúró wọn ni."

Mo ṣáà ń wo ìkòkò tó wà lórí iná.

Ó wá sọ pé òun ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní gáàsì ẹ̀rín. Imú lèèyàn fi ń fà á, wọ́n sì máa ń po ọ́síjìn mọ́ ọn. Kì í múni sùn. Ó máa ń mú kí ara rọlẹ̀, tí wọ́n bá sì pa á, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti kúrò lára. Ó ti bá dókítà ọkàn mi sọ̀rọ̀, ìyẹn sì gbà pé kò léwu fún mi.

Mo dúpẹ́, mo ní rárá. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ pé kí ojú mi wà lójú ọ̀nà, kí n wá dùbúlẹ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ kí n máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tórí rẹ̀ yí, kí ẹnu mi sì máa tú àṣírí ilé mi. Ó ní kí n ṣáà rò ó wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò pọ̀ débi pé a ò rí iwájú, a sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èmi àti agbẹ̀bí. Bí a ṣe jókòó, mo fi ọgbọ́n bi í léèrè. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni wọ́n fẹ́ fún ní gáàsì ẹ̀rín lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, ẹ̀rù sì ń bà á.

Agbẹ̀bí yíjú sí mi. "Ọ̀rẹ́ yín yìí, ṣé kì í kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà?"

Mo gbà fún un. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní gáàsì kan náà ló wà ní yàrá ìrọbí àwọn, àwọn obìnrin ló sì máa ń di ohun tí wọ́n fi ń fà á mú fúnra wọn. Mo bi í bóyá ó máa ń gbé ìrora lọ. Ó ní, "Kì í gbé e lọ, Ìyá Bíréèkì. Ìrora wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í bá a jà mọ́." Ti àṣírí wá ńkọ́? Ó ní òun ò rí ẹni tó tú àṣírí rí. Obìnrin kan kọrin. Òmíràn sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́ tí kò sí gáàsì lára rẹ̀ mọ́, ó tún un sọ.

Òjò dẹ̀. Ó gba ráńdábáòtù kọjá láìdúró, bóyá torí pé ọkàn rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ mi. Mo pe dókítà eyín kí a tó délé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìdánwò ni tòní. A ti jọ ṣàdéhùn pé kò ní í fọwọ́ kan eyín kankan.

Ìbòmú náà jẹ́ rọ́bà rírọ̀, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, imú nìkan ló sì ń bò. Dókítà gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi í bo imú fúnra mi. Ó ń ta sánsán bí èso dídùn kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró ti ẹ̀rọ tó ní sílíńdà méjì, ó ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó ń ṣe fún mi kó tó ṣe é.

Ní àkọ́kọ́, òfo. Mo ti fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí yìnrìnyìnrìn. Ó gun orúnkún, ó dé ọwọ́. Ó wá dà bí ìgbà tí ọkọ̀ bá gun afárá dé orí tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, tí inú èèyàn á ṣe fẹ́rẹ́. Èjìká mi sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo gbé e sókè débi etí. Ohùn wọn jìnnà díẹ̀, bí rédíò aládùúgbò. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo mọ ọjọ́, mo mọ orúkọ mi, mo mọ̀ pé ọkọ mi ti fi ọkọ̀ dábùú níta.

Dókítà ní tí mo bá na ọwọ́ òsì sókè, gbogbo nǹkan á dúró, ohun yòówù tí wọn ì báà máa ṣe. Ó mú dígí ẹnu, ó kàn ń fi ka eyín mi. Mo na ọwọ́. Nǹkan kan ò ṣe mí o. Dígí ti kúrò lẹ́nu mi kí ọwọ́ mi tó ga tán.

"Mo ti dúró, Mà."

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ padà. Mo tún na án. Ó tún dúró. Kò mí kanlẹ̀, kò wo aago. Mo ṣe é títí ó fi tó mi.

"Bíréèkì yín ni mò ń dán wò," ni mo sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ dán an wò dáadáa."

Omijé kan bọ́ lójú mi, ó ṣàn wọnú etí. Inú mi ò bàjẹ́ rárá. Wọ́n pa gáàsì, wọ́n fi ọ́síjìn nìkan sílẹ̀, nígbà tí mo fi máa wọ bàtà, orí mi ti mọ́ kedere. Dókítà ní kí n má wakọ̀ títí di ọ̀la. Ọkọ mi ló gbé wa délé, ó sì yà lẹ́ẹ̀mejì láìwo dígí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Eyín méjì ti dí. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ: eyín méjì ti dí, lẹ́nu èmi.

Ariwo ẹ̀rọ tó ń lu eyín wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé òpópónà kejì ni wọ́n ti ń lọta. Àárín iṣẹ́ ni ẹ̀rín dé. Kò sí ohun tó fà á. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sún àga dókítà sẹ́yìn, ó fi ipá tì í, àga náà sì dún kíì. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó ti jíà. Dókítà gbé ọwọ́ kúrò, ó dúró kí n rẹ́rìn-ín tán. Ó bẹ̀rẹ̀ padà, mo ní kó wo dígí kó tó yà. Ó ní, "Mo ti wò ó, Mà." Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Gbogbo rẹ̀ ni mo rántí, n kò sì kábàámọ̀ ọ̀kankan. N kò tú àṣírí kankan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé n kò tiẹ̀ ní.

Ogúnjọ́ oṣù

Epo ọkọ̀ tún gbówó lórí. Mo jẹ ẹ̀pà ní apá ọ̀tún ẹnu, níbi tí wọ́n dí. Ó ti pẹ́ tí apá ọ̀tún ti gbọ́ nípa ẹ̀pà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò ọjọ́ mẹ́rin léra wọn. Mo sín nígbà tí mo jí, mo sín lórí oúnjẹ, mo sín nígbà tí agbẹ̀bí ń yípadà lójú ọ̀nà tóóró, ó sì gun etí títì. Ọ̀fìnkìn ni. Kò jẹ́ nǹkan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó jẹ́ nǹkan. Imú mi dí pa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sì ti wú. Ọ̀kan nínú àwọn eyín tó fẹ́ kúrò ló ń ṣe é. Ó ń sọ kúlúkúlú bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọkọ mi ń tú fíríìjì oníbàárà kan nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò ju fíríìjì lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bí a ṣe ṣàdéhùn. Dókítà eyín ní kí n pa ẹnu dé kí n fi imú mí. Mo gbìyànjú, ó dún bí fèrè tó ti fọ́. Ó ní imú ni gáàsì ń gbà, bí ọ̀nà bá dí, kò níbi tó máa gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú báyìí kò ní í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, òun ò sì fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́mọ ọdún méje tún ṣẹlẹ̀ lórí àga òun. Ó fún mi lóògùn tó máa pa kòkòrò inú eyín náà. Ó ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo bi í ìgbà tó máa pẹ́ jù. Kò fi pa mọ́ fún mi. Ojú ibi tí eyín bá ti jáde gbọ́dọ̀ jiná kí wọ́n tó la àyà, nítorí náà eyín méjèèjì gbọ́dọ̀ ti kúrò kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù keje. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò lè fọwọ́ sí i.

Nílé oògùn, mo rí oògùn tó ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e, mo tún dá a padà. Dókítà ọkàn ti kìlọ̀ fún mi pé irú rẹ̀ lè mú ọkàn mi sáré. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni mo padà sídìí ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fà. Imú ò tíì là. Ilé ìwòsàn ọkàn pè, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ eyín dé. Mo ní ó ń lọ létòlétò. Ọkọ mi gbọ́ ọ, ó gbójú sókè. Mo ní kí ló dé, ṣé kò lọ létòlétò ni?

Ó jókòó tì mí. Ó ní tí wọ́n bá fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ náà, a jọ máa dúró de òmíràn. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń wo àtẹ̀gùn. Lánàá, ààbọ̀ àtẹ̀gùn ni mo gùn tí mo fi jókòó, ó sì bá mi jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ la ti fẹ́ máa gbatẹ́gùn tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Agbẹ̀bí ti sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ mi. A dúró síwájú iná pupa, ó ní kí n pa ẹnu dé. Mo pa á dé. "Mí sínú. Mí síta." Mo sọ fún un pé iná ti yí padà. Ó ní àwọn ẹlẹ́yìn lè dúró.

Ihò imú kan ti là.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo jí, mo mí, afẹ́fẹ́ wọlé ní ihò méjèèjì. Mo pe dókítà eyín kí n tó fọ ojú. Ó ní kí n máa bọ̀.

N óò kọ èyí bó ṣe rí náà, torí pé kò rọrùn bí ti ọjọ́ kejìdínlógún. Mo fi ìbòmú sójú, gáàsì dé, ara rọ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, mo mọ̀ ọ́n lára díẹ̀, kò dun mí. A dúró títí ètè mi fi kú. Dókítà fi nǹkan gún ẹran ìdí eyín, ó bi mí, n kò mọ nǹkan kan lára. Ó wá mú irin, ó dì í mọ́ eyín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kò sí ìrora. Ṣùgbọ́n wíwúwo ọwọ́ lórí àgbọ̀n mi wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì sì fi ọwọ́ gbé orí mi ró kó má baà mì. Ọwọ́ àgbà lórí. Gáàsì tàbí kò sí gáàsì, mo ti padà sí ilé ìwé yẹn. Mo gbọ́ òórùn kíláàsì wa.

Mo na ọwọ́ sókè.

Gbogbo ọwọ́ kúrò lára mi. Irin lọ sórí àwo. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ sún sẹ́yìn. Yàrá dákẹ́, mo sì ń gbọ́ gáàsì tó ń fẹ́ wuuu nínú rọ́bà. Kò sẹ́ni tó sọ pé "ó kù díẹ̀", kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bí àgbà. Mo mí sínú, mo mí síta. Àyà mi ń lù kìkì, lẹ́yìn náà ó ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó tó lónìí, ó tó náà nìyẹn, n óò wọ bàtà mi, n óò sì máa lọ. Mo fi ọkàn mi yí i wò: kí n lọ, àbí kí n dúró. Kò sẹ́ni tó fi irú ìbéèrè yẹn lọ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Mo yọ ìbòmú díẹ̀. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì má fọwọ́ kan orí mi. Èmi ni n óò dì í mú."

"Ẹ dì í mú, Mà," ni dókítà wí.

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di orí ara mi mú. Eyín náà jáde.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Àkàṣù òwú ti kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ọ̀bẹ̀ tútù, ẹ̀kọ rírọ̀. Mo sùn títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Eyín kejì. Mò ń dúró kó bẹ̀rẹ̀ ni dókítà sọ pé ó ti jáde. Mo ní ìgbà wo? Ó fi hàn mí lórí àwo. Ó kéré, ó sì dúdú nídìí bí ògbólógbòó ìṣó. Èyí ló fẹ́ gba ọjọ́ mi lọ́wọ́ mi! Ẹ̀rín tó mú mi lónìí, n kò rò pé gáàsì nìkan ló ni ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Agbẹ̀bí ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà. Ó fìdí rẹmi. Ó ní òun dúró síwájú ráńdábáòtù pẹ́ débi pé olùdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Mo ti múra ọ̀rọ̀ ìtùnú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò rẹ̀. Ó ti gba ọjọ́ mìíràn kó tó kúrò níbẹ̀. Mo ní olùkọ́ mìíràn ló máa parí rẹ̀ fún un. Ó ní òun ti mọ gbogbo ohun tí mo máa sọ, ẹlòmíràn lè wá máa sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Dókítà eyín tan iná sí ẹnu mi, ó fara balẹ̀ wò ó yí ká. Ó ní ibẹ̀ ń jiná dáadáa. Ojú mi ló ti pe dókítà ọkàn. Mo gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Ẹnu wọn ti mọ́ o." Ọjọ́ mi ṣì jẹ́ tèmi.

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo bọ nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́. Mo ní kó máa wo iwájú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Àpò ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ti pè. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ lónìí, mo sì sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀rù ń bà mí, ní tààrà, láìfi í pa mọ́ sábẹ́ àwàdà. Ó ní òun náà. A jẹun. Ó fọ abọ́, èmi nù ún.

Ọ̀la ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Mo lè jókòó kọ̀wé. Àyà mi ń dùn mí bí ẹni tí ọkọ̀ ẹrù gbà kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ti gbàgbé pé ìsàlẹ̀ yẹn wà.

Irin ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn tuntun náà. Tí yàrá bá dákẹ́, ó máa ń dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ọkọ mi gbọ́ ọ lánàá, ó gbé orí sún mọ́ àyà mi, ó fetí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bó ṣe máa ń fetí sí fíríìjì. Ó ní ó dà bí sígínà ọkọ̀, iná tí a fi ń ya kọ́nà, tí ẹnì kan gbàgbé láti pa. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá

Ẹni tó bá ní irú ilẹ̀kùn tèmi kò gbọ́dọ̀ fi eyín ṣeré mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó. Mo ti lo oògùn tí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lò kí n tó kúrò nílé. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ débẹ̀, ọkọ mi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti gbé wa padà. Mo gun àtẹ̀gùn wọn dókè láìdúró.

Dókítà eyín ní eyín fífọ̀ nìkan ni tòní, kò pọn dandan kí òun lo gáàsì, àyàfi tí mo bá fẹ́. Mo ní mo fẹ́. N kò rí ẹni tí mò ń ṣàṣehàn fún. Nọ́ọ̀sì tẹrí ba wọlé, ó gbé ìbòmú fún mi, mo fi í bo imú, mo sì na ẹsẹ̀.

Yàrá dákẹ́. Yìnrìnyìnrìn ti dé orúnkún mi. Dókítà tẹ̀ síwájú pẹ̀lú irin kékeré lọ́wọ́, ó dúró. Ó gbé orí sókè. Ó wo ẹ̀rọ gáàsì, ó bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ṣí sílíńdà náà dáadáa. Nọ́ọ̀sì yí bọ́tìnnì, ó yí i padà, ó fi ìka kan ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lẹ etí mọ́ ọn. Dókítà ní òun ò ní í bẹ̀rẹ̀ títí àwọn á fi mọ ohun tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ níbẹ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ìdí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rín ti kún mi lẹ́nu. Mo na ọwọ́ òsì, àwọn méjèèjì sì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀," ni mo wí. "Èmi ni mò ń dún."